Ariwo kọ́ ló ń pa ẹ́ńjìnnì yín: ọ̀rọ̀ lórí pignon, couronne àti ọ̀nà Kétu sí Àjàṣẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi tipẹ́, torí kò sígbà tí mo dúró ra ẹ̀sáǹsì (epo bẹntiróò) lójú ọ̀nà Pobẹ̀, láàárín Kétu àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin níbí, tí mi ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan: "Alùpùpù mi ń ké jù tí mo bá ti sá dé 80, ẹ́ńjìnnì yẹn ò ní pẹ́ kú." Ẹlòmíì tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á sì ní kó lọ fi pignon (irin eléyín kékeré tó ń fa ṣéènì lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì) tó tóbi sí i, pé á dákẹ́. Á fi sí i lóòótọ́, ariwo á dínkù lóòótọ́, inú ẹ̀ á dùn, àmọ́ lọ́jọ́ tó bá di àpò àgbàdo méjì sẹ́yìn tí atẹ́gùn sì ń bọ̀ wá pàdé ẹ̀, ìyà tí ẹ́ńjìnnì yẹn máa jẹ lọ́jọ́ náà, ariwo tó ń sá fún ò tó ìdajì ẹ̀.

Tèmi ni pé ẹ́ńjìnnì kékeré, wọ́n ṣe é kó máa yí dáadáa ni. Èyí tó ń yí geere, tí ọwọ́ ẹ̀sáǹsì ò tíì ṣí tán, kò séwu fún un. Èyí tí ẹ há mọ́ vitesse (gíà) tó kẹ́yìn nígbà tí kò tíì lágbára ẹ̀, tó ń gbọ̀n gìrìgìrì, tó ń dún dùù, dùù, dùù, tí ẹ sì ti yí ọwọ́ dé òpin tí kò ní ibi tó ń lọ, ìyẹn gan-an ló yẹ kó máa bà yín lẹ́rù. Mo mọ̀ pé etí ò gbà bẹ́ẹ̀, etí ń gbọ́ ohùn rírẹlẹ̀ ó ní nkan ń sinmi. Kò sinmi o.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀, kò le rárá. Táyà 2.75-18 tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ alùpùpù 125 cc tí à ń gùn, tó bá yí ẹ̀ẹ̀kan lórí ilẹ̀, ó ti rìn bíi mítà 1.85. Tí ẹ bá ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí, ẹ ń rìn 1333 mítà ní ìṣẹ́jú kan, táyà yẹn á yí bíi ìgbà 720. Tó bá wá jẹ́ pé lórí vitesse tó kẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì ń yí ìgbà 10 kí táyà tó yí ẹ̀ẹ̀kan, ẹ́ńjìnnì yín ń yí ìgbà 7200 ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rọra lọ sí 70, ó di 6300, tẹ́ ẹ bá wá lọ sí 60, ó di 5400. Gbogbo kìlómítà 10 tí ẹ bá fi kún un, ẹ ń fi 900 kún ẹ́ńjìnnì, ìṣirò yìí ò sì ní yí padà lórí vitesse yẹn, àfi tí kílọ́ọ̀ṣì bá ń yọ̀.

Bí ẹ ṣe máa mọ iye tiyín rèé, ẹ ò nílò ìwé kankan. Ẹ gbé e dúró lórí ẹsẹ̀ àárín kí táyà ẹ̀yìn má kanlẹ̀, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ bougie (àwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní plọ́ọ̀gì), ẹ fi sí vitesse tó kẹ́yìn, kẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Ẹnì kan á máa fọwọ́ yí táyà síwájú jẹ́jẹ́, ẹ̀yin ẹ fi àtàǹpàkò dí ihò bougie. Nígbà tí a ṣe tèmi lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ló ń yí i, èmi dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì pẹ̀lú ọwọ́ tó ti dúdú fún gíríìsì, mo wá ń gbọ́ atẹ́gùn tó ń ti ìka mi: fùú, á dákẹ́, fùú, á dákẹ́, tó bá ti fẹ́ tì í báyìí táyà á le díẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ yẹn, tó bá ti tì í tán táyà á tún rọ̀. Ẹ́ńjìnnì quatre temps ni, ìyẹn ni pé ó máa ń fẹ́ atẹ́gùn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó bá yí ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí táyà yí ìgbà 10, ẹ ka gbogbo fùú, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ẹ pín in sí 10. Tèmi fẹ́ ìgbà 50, òhun ló fi jẹ́ 10 gééré. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Sábẹ tó ń gun 150, òun máa ń gba ọ̀nà ńlá tó ti Kùtọ̀nú wá kọjá lọ sí Parakou, ọ̀nà àwọn tírélà, nígbà tí a ka tiẹ̀ ó jẹ́ 8, torí náà ní 80 tiẹ̀ ń yí bíi 5800 péré. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa tí tèmi ń ké tí tiẹ̀ ń kùn. Kò túmọ̀ sí pé tèmi ń ṣàìsàn.

Ṣé 7200 wá pọ̀ jù? Ẹ jẹ́ ká mú Honda CG125, torí òun ni bàbá ọ̀pọ̀ 125 tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà tó kún gbogbo ọ̀nà wa. Láàárín àwọn ọdún 1970 ni Honda gbé e jáde, wọ́n sì dìídì ṣe é fún irú ibi tiwa, níbi tí wọ́n ti ń gùn ún láti àárọ̀ dalẹ́ tí ìtọ́jú ò sì pọ̀. Sílíńdà ẹ̀, ihò tí písítìnì ń rìn nínú ẹ̀, fẹ̀ ní mìlímítà 56.5, písítìnì ẹ̀ sì ń rìn mìlímítà 49.5 péré láti ìsàlẹ̀ dókè. Ìrìn kúkúrú ni. Tó bá ń yí 7200, gbogbo ọ̀nà tí písítìnì yẹn rìn lókè-nílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ bíi 713 mítà. Ẹ wá mú ọkọ̀ tí písítìnì tiẹ̀ ń rìn mìlímítà 90, tó bá ń yí 4000, písítìnì tiẹ̀ ń rìn 720 mítà ní ìṣẹ́jú yẹn kan náà. Mi ò tíì rí ẹni tó ń ké pé ọkọ̀ òun fẹ́ kú torí ó ń yí 4000 lójú títì. Nọ́ńbà tí alùpùpù ń pè ló ga, ìyára nkan tó ń rìn nínú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ga.

Nkan míì ni pé ibi tó ti ń yí púpọ̀ yẹn lagbára ẹ̀ wà. Ẹ wo ìwé tó bá alùpùpù wá, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ puissance (agbára) sí àti couple (ipá tó fi ń yí), pẹ̀lú iye tr/min (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan) lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì 125 onísílíńdà kan, òkè 7000 lagbára wọn ti ń dé. Tí ẹ bá wá fi pignon ńlá fà á wálẹ̀ jìnnà sísàlẹ̀ 7000 ní 80, ẹ ti gbé e kúrò níbi tó ti lè ṣiṣẹ́, ẹ sì ní kó ṣiṣẹ́ kan náà, torí atẹ́gùn tó wà níwájú yín ò mọ̀ pé ẹ ti pààrọ̀ pignon. Bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì gun òkè tó ní ìṣísẹ̀ gbàgàdà-gbàgàdà lòun fẹ́ máa gbé. Gbogbo ìgbà tí iná bá jó nínú sílíńdà, ó ń gbá písítìnì pẹ̀lú agbára tó pọ̀, apá tó so písítìnì mọ́ isàlẹ̀ ló ń gba ìgbájú yẹn, ọ́ìlì tó wà láàárín irin àti irin sì ń fẹ́lẹ́ sí i nítorí pé ìyíyí ẹ̀ ò yá tó. Tó bá tún jẹ́ kpayo (ẹ̀sáǹsì fàyàwọ́) inú ìgò lẹ rà, tí ẹ ò mọ nkan tí wọ́n ti pò mọ́ ọn, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ kán-kán-kán nínú sílíńdà, bíi kí èèyàn máa fi ìṣó kékeré lu irin. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìyẹn, ẹ dín ọwọ́ kù lójú ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ sì sọ̀ sí vitesse tó wà nísàlẹ̀. Ìyẹn ló ń jẹ orí písítìnì.

Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé atẹ́gùn, torí òun gan-an lọ̀tá wa lórí ọ̀nà gígùn, kìí ṣe ẹ́ńjìnnì. Agbára tí ẹ fi ń la atẹ́gùn kọjá ní 80 lé ní ìlọ́po méjì èyí tí ẹ nílò ní 60. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ láti 80 sí 70, ẹ ti yọ nkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ kúrò. Kò sí pignon tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín láyé. Lásìkò ọyẹ́, atẹ́gùn ń ti àríwá ìlà-oòrùn fẹ́ wá, torí náà tẹ́ ẹ bá ń ti Kétu sọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ á máa tì yín lẹ́yìn, ẹ ó rò pé alùpùpù yín ti di tuntun, tẹ́ ẹ bá wá ń darí bọ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ ó rí i pé 80 tó rọrùn láàárọ̀ ti di ogun. Ẹni tó ti fi pignon tó tóbi jù sí i ló máa kọ́kọ́ mọ̀, torí vitesse karùn-ún ẹ̀ ò ní lè dúró mọ́, á máa padà sí ìkẹrin ṣáá. Tí ẹ bá wá ń fi ìkẹrin rìn lójú títì, kí lẹ wá torí ẹ̀ pààrọ̀ pignon?

Ọ̀nà yẹn fúnra ẹ̀ náà ní tiẹ̀. Láti Kétu bọ̀ ó tẹ́jú dáadáa, ẹ lè mú 75 kẹ́ ẹ sì gbàgbé ara yín síbẹ̀. Àmọ́ ní agbègbè Onígbolò, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì wà, ẹ ó pàdé àwọn kámíọ̀ (ọkọ̀ akẹ́rù ńlá) tó kún dẹ́nu, ẹ ní láti kọjá lára wọn. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń dúpẹ́ pé ẹ́ńjìnnì mi wà ní 7000, tí mo bá yí ọwọ́ ó ń dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má bọ́ sí ọwọ́ òsì láti kọjá lára kámíọ̀ pẹ̀lú vitesse karùn-ún tó ń dún dùù o, ẹ̀mí ò ní ààrọ̀. Ẹ sọ̀ sí ìkẹrin kẹ́ ẹ tó bọ́ síta, ẹ jẹ́ kó ké, kọjá kíákíá, kẹ́ ẹ padà sí àyè yín.

Ṣé mo wá ń sọ pé kẹ́nikẹ́ni má pààrọ̀ pignon ni? Rárá. Pignon ni èyí kékeré tó wà níwájú lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì, couronne lèyí ńlá tó wà lára táyà ẹ̀yìn. Tí pignon yín bá jẹ́ eyín 15 tí couronne sì jẹ́ 42, tẹ́ ẹ bá fi 16 síwájú, 7200 yẹn á di 6750. Eyín kan níwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó eyín mẹ́ta lẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń sáré sí iwájú, owó ẹ̀ ò pọ̀. Ẹni tó bá ń dá gùn ún, tí kò sanra púpọ̀, tó jẹ́ pé Kétu sí Àjàṣẹ́ ló ń lọ ló ń bọ̀, eyín kan dáa fún un, mo fọwọ́ sí i. Eyín méjì, mi ò fọwọ́ sí i fún 125 kankan. Ẹ̀yin tó ń ṣe zem (ọ̀kadà) láàárín Àjàṣẹ́, tí ẹ ń dúró tí ẹ ń gbéra ní gbogbo oríta pẹ̀lú èèyàn lẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi bó ṣe wà sílẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì yín ló máa san gbèsè ẹ̀. Ẹ̀yin tó ń kó ẹrù oko náà, ẹ̀ bá tiẹ̀ yọ eyín kan kúrò ni ì bá sàn.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó bá yín mu nìyí: lọ́jọ́ tí kò sí atẹ́gùn, lórí ibi tó tẹ́jú, ẹ fi vitesse tó kẹ́yìn sá 80. Tí ọwọ́ ẹ̀sáǹsì bá ṣì ní ibi tó lè yí sí, tẹ́ ẹ sì yí i tí ó tún sá sí i, ó bá yín mu. Tẹ́ ẹ bá ti yí i dé òpin kẹ́ ẹ tó lè rí 80, ẹ dá eyín àtijọ́ padà.

Ẹni tó bá máa ń sá bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì ni kó dojú kọ ju pignon lọ. Ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí, nkan bíi lítà kan ọ́ìlì ló wà nínú wọn, lítà kan yẹn ló ń mú wọn tutù ló tún ń fọ̀ wọ́n, atẹ́gùn nìkan ló sì ń bá a ṣe é. Tó bá fi díẹ̀ dín, ooru ọ̀nà gígùn á mú un. Ẹ máa wò ó kẹ́ ẹ tó gbéra, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù irú èyí, ṣe lẹ máa nu ọ̀pá ẹ̀ kẹ́ ẹ kàn tì í wọlé láì yí i mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ tó fà á yọ wò ó. Ọ̀pọ̀ ló ń yí i mọ́lẹ̀ tí wọ́n á sì rò pé ó kún.

Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀, ẹ ra nọ́ńbà tó bá ṣéènì yín mu, 428 ni ti ọ̀pọ̀ 125, 420 kò bá a mu. Ẹ má fi pignon tuntun sábẹ́ ṣéènì tó ti gbó, á jẹ eyín ẹ̀ láìpẹ́. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ṣéènì má máa ha ìdérí. Compteur (aago tó ń sọ ìyára) ò ní purọ́ fún yín nítorí ẹ̀ tó bá jẹ́ pé táyà iwájú ló ń yí i, bẹ́ẹ̀ sì ni ti ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí ṣéènì dẹ̀ díẹ̀ láàárín, bí ìwé alùpùpù yín ṣe sọ, kẹ́ ẹ sì tún un wò tẹ́ ẹ bá ti lọ sí Àjàṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, torí ṣéènì tuntun máa ń fà.