A Dé Abúlé Faransé Lọ́jọ́ Àìkú, Iná Ìdáná Ti Kú

Aago méje ààbọ̀ alẹ́ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí a wọ abúlé náà. Láti pápákọ̀ òfurufú Bordeaux ni Bàbá Tómi ti ń wakọ̀ bọ̀, ó sì ti lé ní wákàtí méjì ààbọ̀. Tómi ti sùn fọnfọn. Màmá, ìyá ọkọ mi, ò sùn ní tiwọn. Wọ́n jókòó ṣinṣin lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì ti bi mí pé, "Ìyàwó mi, kí la máa jẹ?" Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Orúkọ ilé oúnjẹ mẹ́rìnlá ló wà nínú fóònù mi, gbogbo wọn ní agbègbè Sarlat, ní Dordogne, níbi tí a gba ilé ọ̀sẹ̀ kan sí.

Àkọ́kọ́ tì. Èkejì tì. Ní ti ẹ̀kẹta, tábìlì wà níta, òdòdó pupa wà lójú fèrèsé, ara ti ń tù mí, àfi ìgbà tí mo rí ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn: "Fermé dimanche soir et lundi." Faransé mi ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa ò nílò ògbufọ̀ fún "fermé". Wọn kì í ṣí ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọn kì í sì í ṣí ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Àìkú gan-an la sì dé.

Ohun tí a jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, díẹ̀ ló kù kí n má kọ ọ́ síbí. Ẹ̀rọ kan dúró lẹ́bàá títì, ó jọ ẹ̀rọ apọwó tó ń wà níwájú báǹkì, àmọ́ pizza lòun ń pọ̀. Èèyàn á tẹ bọ́tìnnì, á fi káàdì sanwó, ẹ̀rọ á kùn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, páálí gbígbóná á sì yọ jáde. Màmá gba tiwọn lọ́wọ́ mi, wọ́n wo ẹ̀rọ náà, wọ́n wò mí. "Faransé tí gbogbo ayé ń pariwo oúnjẹ rẹ̀ náà nìyí?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, a jẹ ẹ́ tán pátápátá.

Oṣù méjì gbáko ni mo fi ṣa ilé oúnjẹ mẹ́rìnlá yẹn o. Àwòrán ni mo ń wò, mo ń ka ohun tí àwọn tó ti lọ síbẹ̀ kọ, mo ń ka ìràwọ̀ tí wọ́n fún un. Ọjọ́ àti aago nìkan ni mi ò wò. Nígbà tí mo tún un wò lóru ọjọ́ yẹn, mẹ́sàn-án nínú wọn ni kò ní ṣí lọ́jọ́ kejì. Mẹ́ta ń ṣí lálẹ́ nìkan. Ọ̀kan ti lọ fún ìsinmi ọdọọdún tirẹ̀.

Nígbà tó yá ló yé mi. Púpọ̀ nínú àwọn ilé oúnjẹ ìgbèríko wọn, tọkọtaya ló ni ín: ọ̀kan ń dáná, èkejì ń gbé e fún oníbàárà, bóyá pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ kan. Oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni àwọn ẹbí máa ń jókòó jẹ pọ̀ jù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lo gbogbo agbára wọn. Bí ìyẹn bá ti parí, wọ́n á tilẹ̀kùn títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn mìíràn títí di Ọjọ́rú. Láti aago méjìlá sí méjì ni wọ́n ń fún èèyàn lóúnjẹ ọ̀sán. Ẹni tó bá wọlé ní aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ojú tí wọ́n máa fi wò ó á ti sọ fún un. Alẹ́ bẹ̀rẹ̀ láàárín aago méje sí méje ààbọ̀, bó bá sì ti di mẹ́sàn-án, wọ́n ti ń fọ ìkòkò. Ibi tí wọ́n bá kọ "service continu" sí ni wọ́n ti ń tà láti ọ̀sán dé alẹ́ láìdúró, ibi tí àlejò pọ̀ sí ni irú wọn sì máa ń wà.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń múra ìrìn àjò báyìí, ọjọ́ méje ni mo kọ́kọ́ ń kọ sórí ìwé, ọ̀sán lọ́tọ̀, alẹ́ lọ́tọ̀. Mo ń fa ìlà sórí alẹ́ ọjọ́ Àìkú àti gbogbo ọjọ́ Ajé: ilé la ti máa jẹun. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó ń wá ilé oúnjẹ tó máa bọ́ sí àyè tó kù. Nínú oṣù keje àti ìkẹjọ, mo máa ń pè wọ́n lórí fóònù ṣáájú, nítorí tábìlì mẹ́wàá péré ni àwọn mìíràn ní. "Nous sommes complets" túmọ̀ sí pé kò sáyè mọ́, ó sì máa ń dùn mọ́ wọn láti sọ ọ́ fún ẹni tí kò kí wọn ní "bonjour" kó tó béèrè nǹkan.

Ilé oúnjẹ tó dùn mọ́ wa jù kò sí lára mẹ́rìnlá yẹn rárá. Bàbá Tómi ló rí i. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, à ń bọ̀ láti Montignac níbi tí wọ́n ti ṣe àwòṣe ihò Lascaux, ihò tí àwọn èèyàn àtijọ́ ya àwòrán sí, fún àlejò, nítorí wọ́n ti ti ihò gidi náà pa láti 1963 kí èémí èèyàn má bàa ba àwòrán ara ògiri rẹ̀ jẹ́. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó kàn dín eré kù, ó ní, "Wo àwọn ọkọ̀ yẹn." Bọ́ọ̀sì kékeré funfun bí i mọ́kànlá ló tò síwájú ilé kan tí kò ní òdòdó lójú fèrèsé: ọkọ̀ àwọn bíríkìlà, kápẹ́ńtà, oníná. Ó ní bíríkìlà tó ti ń gbé òkúta láti àárọ̀ kì í tan ara rẹ̀ jẹ lórí oúnjẹ ọ̀sán.

Kò sí ẹni tó bi wá pé kí la fẹ́. Ìyá olóúnjẹ tọ́ka sí tábìlì, ó gbé àwo ọbẹ̀ ńlá kan síwájú wa pẹ̀lú ṣíbí ìbùbẹ̀, ó lọ. Kí olúkúlùkù bù bó ṣe fẹ́. Ọbẹ̀ aáyù ni, tourin ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ó ṣàn, ó funfun, ẹyin wà nínú rẹ̀. Bàbá àgbà kan ní tábìlì kejì jẹ tirẹ̀ dé ìdí àwo, ó da wáìnì pupa sínú ìyókù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo náà sẹ́nu, ó sì gbé e mu. Faire chabrol ni wọ́n ń pe ìyẹn, àṣà àwọn àgbẹ̀ apá ibẹ̀ ni. Inú Màmá dùn débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́ fún un.

Lẹ́yìn ọbẹ̀, sàláàdì tó kún fún gésiers, ìyẹn iwe pẹ́pẹ́yẹ. Màmá fi fọ́ọ̀kì gún ọ̀kan, wọ́n gbé e sókè, wọ́n ka tó kù nínú àwo: mẹ́fà. "Iwe mẹ́fà fún èmi nìkan! Bàbá ilé mélòó ni wọ́n kó tiwọn fún mi?" Lẹ́yìn ìyẹn, itan pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n rọra sè nínú ọ̀rá ara rẹ̀ títí tó fi rọ̀, confit ni, pẹ̀lú pòtétò tí wọ́n dín nínú ọ̀rá kan náà tí wọ́n sì da aáyù sí. Lẹ́yìn ìyẹn, wàràkàṣì ewúrẹ́ kékeré róbótó. Lẹ́yìn ìyẹn, kéèkì àsálà. Wáìnì wà nínú ìgò kékeré, búrẹ́dì kò tán. Yúrò 16 ni owó ẹnì kọ̀ọ̀kan. Menu ouvrier ni wọ́n ń pè é, oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́, láàárín ọ̀sẹ̀ nìkan ni wọ́n sì ń sè é. A tún padà síbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ "menu" yẹn ṣá. Lọ́dọ̀ wọn, kì í ṣe ìwé tí wọ́n kọ orúkọ oúnjẹ sí, "carte" nìyẹn. "Menu" ni oúnjẹ oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí wọ́n ti dì pọ̀ sí iye owó kan, "formule" sì sábà máa ń jẹ́ méjì. "Entrée" ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ, òun kọ́ ni oúnjẹ gan-an. Ìwọ̀nyí yé mi kí n tó lọ. Èyí tí kò yé mi ló kó bá mi. Ní alẹ́ Ọjọ́rú mo rí "ris de veau" lórí carte, Yúrò 28, mo ní ṣebí ìrẹsì àti ẹran ọmọ màlúù ni, ọkàn mi ti fà sí ìrẹsì. "Riz" ni ìrẹsì. Bákan náà ni wọ́n ń pe méjèèjì, èmi ò wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́. "Ris" ni ẹran rírọ̀ tó ń wà ní ọ̀fun ọmọ màlúù. Ó dé pẹ̀lú olú àti ọbẹ̀ aláwọ̀ wúrà, hóró ìrẹsì kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Ó dùn o, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń retí ìrẹsì, ohun mìíràn kì í tètè dùn lẹ́nu rẹ̀. Bàbá Tómi ló jẹ ẹ́ tán.

Ibi kan ṣoṣo ni oúnjẹ ti já wa kulẹ̀ gidi, èmi náà ni mo sì yàn án. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, ọjọ́ ọjà ńlá Sarlat, èrò pọ̀, oòrùn ń mú, mo rí ibi tí àyè wà lójú kan. Ìwé oúnjẹ wọn wà ní èdè mẹ́rin, ó ní àwòrán, pizza wà níbẹ̀, couscous wà níbẹ̀, ẹja, pẹ́pẹ́yẹ, ó tó ọgọ́ta oríṣi. Ta ni yóò dáná ọgọ́ta oríṣi nínú yàrá tí kò ju ilé ìwẹ̀ lọ? Confit tí wọ́n gbé fún mi gbóná létí, àárín rẹ̀ tutù bí òkúta odò. Maikirowéèfù ló sè é. Láti ọjọ́ náà, pátákó dúdú tí wọ́n fi ẹfun kọ oúnjẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ni mò ń wá kiri. Mo tún ń wo àmì ìkòkò tí òrùlé ilé bò lórí: "fait maison" ni, inú ilé oúnjẹ yẹn gan-an ni wọ́n ti sè é láti ara èròjà tí ẹnikẹ́ni ò tíì sè, ọdún 2014 ni ìjọba fi òfin gbé àmì náà kalẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń sè é fúnra wọn tí wọn ò kọ nǹkan kan síta, àmọ́ mi ò mọ bí àlejò ṣe máa mọ̀ wọ́n, bí kò ṣe pé kó ka bọ́ọ̀sì funfun.

Bàbá Tómi ló fẹ́ jẹun níbi tó ní ìràwọ̀ Michelin, àmì tí ìwé atọ́nà Michelin ń fún ilé oúnjẹ tó dára jù. Mo ní ìwé àwọn oníṣòwò táyà nìyẹn. Òótọ́ ni: ọdún 1900 ni àwọn ará Michelin, oníṣòwò táyà ní Clermont-Ferrand, kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín in kí àwọn onímọ́tò lè máa rìn káàkiri kí táyà wọn sì máa jẹ. Ọdún 1926 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fún ilé oúnjẹ ní ìràwọ̀. Ó ní, "Ẹni tó ń ta táyà ló mọ ọ̀nà jù." Mo gbà, ṣùgbọ́n ọ̀sán ni mo ní ká lọ, kì í ṣe alẹ́. Ọwọ́ kan náà ló ń dáná, Yúrò 45 lọ́sàn-án, ó ju ìlọ́po méjì lọ lálẹ́. Ó dára, wákàtí méjì ààbọ̀ la lò, Tómi ka ìwé ìtàn rẹ̀ tán lórí tábìlì. Mi ò ní lọ sí irú ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìsinmi kan. Bib Gourmand nínú ìwé kan náà ló bá àpò mi mu, àmì oúnjẹ gidi tí owó rẹ̀ kò ga jù.

Ọ̀sán náà ló tún dára fún ẹni tó ń wakọ̀. Gíráàmù 0.5 ọtí nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan ni òfin wọn wí, ọ̀nà abúlé wọn sì ṣókùnkùn biribiri lálẹ́. Ibi tó jìnnà, ọ̀sán. Alẹ́, ibi tí ẹsẹ̀ lè dé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ gbé wa dé ọjà alẹ́ abúlé, níbi tí oníkálukú ti ń ra tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olùtajà, tí gbogbo wọn sì ń jókòó jẹ ẹ́ lórí tábìlì gígùn kan náà. Àwo àti fọ́ọ̀kì tiwọn ni wọ́n ń gbé wá láti ilé. Àwa ò mọ̀. Ìyá kan yá wa ní fọ́ọ̀kì mẹ́ta, Màmá sì fi ọwọ́ jẹ tiwọn, ojú ò tì wọ́n.

A tún ń lọ lóṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la máa dé lọ́tẹ̀ yìí. Lánàá ni mo pe oko kan tó ń fi ohun ọ̀sìn ara rẹ̀ dáná fún àlejò, ferme-auberge, pé ká gba tábìlì fún ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Obìnrin tó gbé fóònù béèrè bí a ṣe pọ̀ tó, ó sì béèrè bóyá ẹnì kan wà tí kì í jẹ pẹ́pẹ́yẹ. Mo yíjú sí Màmá, mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọn ò gbójú sókè kúrò nídìí ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń já. "Sọ fún un pé iwe ni kó tọ́jú."