Aṣọ tí a hun nílé, aṣọ tí a rà lọ́jà: Ògìdì àti Amsterdam

Níbi tí mò ń gbé ní Nẹ́dálándì, bí ṣẹ́ẹ̀tì bá ya díẹ̀, òmíràn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rà. Aṣọ kún ìgboro, kò sì wọ́n. Síbẹ̀, Amsterdam yìí kan náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Repair Café ní 2009: èèyàn á gbé àga tó ṣẹ́ tàbí ẹ̀wù tó ya lọ síbẹ̀, àwọn tó mọṣẹ́ á bá a tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, òun náà á jókòó tì wọ́n, á máa wò ó kọ́. Mo tún rí àwọn tó ń sanwó kí wọ́n lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun ìbọ̀sẹ̀.

Ní Ògìdì, ní Ìjùmú tiwa ní ìpínlẹ̀ Kogi, ta ló ń sanwó fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀? Nike Davies-Okundaye tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àdìrẹ, Ògìdì ni wọ́n bí i sí ní 1951, nínú ilé ló sì ti kọ́ aṣọ híhun. Òfì tí màmá àgbà tèmi fi ń hunṣọ wà lára ògiri. Òfì tó dúró lóòró ni tàwọn obìnrin Òkun, àwa Yorùbá ìhà Kogi, kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọkùnrin Ìṣẹ́yìn ń na òwú rẹ̀ gbọọrọ sílẹ̀. Màmá á jókòó, wọn á ti òwú gba àárín àwọn tó dúró kọjá, wọn á fi igi pẹlẹbẹ lù ú mọ́ra, gbì, gbì. Bí òwú bá já, wọn á fi itọ́ tẹ ẹnu rẹ̀, wọn á so ó, iṣẹ́ á tún máa lọ. Ní Bùnú, nílẹ̀ Òkun kan náà, aṣọ pupa tí wọ́n hun lọ́wọ́ ni wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ ikú olóyè.

Iṣẹ́ náà le o. Oko ń dúró, ọmọ ń ké, aṣọ ilé-iṣẹ́ sì dé ní owó pọ́ọ́kú. Mi ò lè bá ìyá kankan wí pé ó fi òfì sílẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ìmọ̀ àtúnṣe bá òfì lọ. Ẹni tó hun aṣọ mọ ibi tó máa kọ́kọ́ gbó, ó sì mọ bí yóò ṣe dí i. Àwọn ọmọ wa ní Kábà báyìí, abẹ́rẹ́ lásán, ó di ọ̀dọ̀ télọ̀.

Ìró tí màmá hun ṣì wà lọ́wọ́ mi. Etí rẹ̀ ti ń tú. Òwú ibí tẹ́ẹ́rẹ́ jù fún un, mo sì ti ní kí àbúrò mi bá mi wá òwú tó ki ránṣẹ́ láti ilé.