Kí Lẹ Lò?

Ìbéèrè kan ni mo gbé bọ̀ wálé láti ọ̀dọ̀ dókítà lónìí, kì í sì í ṣe èmi ni wọ́n bi. Àwọn obìnrin méjì jókòó sẹ́yìn mi níbi tí a ti ń dúró de nọ́ọ̀sì. Èyí àbúrò wo èkejì láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà ti fọn o! Kí lẹ lò?" Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín, ó ní ọjọ́ mẹ́wàá péré ni, omi àti oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, tí kò sì tó èyí tí ọmọdé ń jẹ.

Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀ díẹ̀. Òjò rọ̀. Mo délé ní aago mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ ti dé ẹnu mi níbẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé omi ló pọ̀ jù nínú ohun tó kọ́kọ́ ń lọ lára, nítorí pé ṣúgà tí ẹ̀dọ̀ àti iṣan tọ́jú pamọ́ máa ń di omi mú, nǹkan bíi gíráàmù mẹ́ta mọ́ gíráàmù kan, tí ebi bá sì ti jẹ ṣúgà náà tán, omi á bá a lọ, òṣùwọ̀n á wá máa yin ẹni tí ọ̀rá ara rẹ̀ kò tíì dín tó bẹ́ẹ̀. N kò sọ ọ́. Kí n má purọ́ fún ara mi, ìlara ló kọ́kọ́ gbà mí lọ́kàn. Ìdajì kílò sí kílò kan lọ́sẹ̀ ni dókítà ní kí n máa retí; 300 gíráàmù péré ló dín ní ọ̀sẹ̀ yìí.

Kí lẹ lò? Kò sí ẹni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Bí wọ́n bá bi mí, oṣù mẹ́sàn-án ni mo lò. Ta ni yóò fẹ́ gbọ́ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀?

Àbí wọ́n tilẹ̀ bi mí rí, nígbà aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn, tí èmi náà fi ebi pa ara mi fọn. Wọ́n bi mí dáadáa, mo sì ń dáhùn tìdùnnú-tìdùnnú. Ohun tí n kò sọ nígbà náà ni ti ìyarun. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, tí mo ti ń jẹun bó ti yẹ, ni irun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ó dì mọ́ eyín ìyarun bí òwú, mo ń fi ìka tú u, mo ń jù ú nù kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìrora abẹ́ ìhà ọ̀tún. Òkúta inú àpò òróòro ni. Ẹni tó bá fi ebi pa ara rẹ̀ fọn kíákíá, òróòro rẹ̀ lè dúró sójú kan nínú àpò rẹ̀, kó sì dì. Ara tó lọ padà dé, ó tún mú ẹlòmíràn dání.

Àwọn ọkùnrin 36 kan yọ̀ǹda ara wọn fún ìwádìí nípa ebi ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà ní 1944 sí 1945: oúnjẹ tí agbára inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 1,570 kálórì lóòjọ́ ni wọ́n ń jẹ fún ọ̀sẹ̀ 24. Òtútù ń mú wọn, inú ń bí wọn, oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń rò, títí kan ìwé oúnjẹ sísè tí àwọn kan ń kà ṣáá. Bí oúnjẹ ẹ̀gbọ́n yìí bá sì rí bó ṣe sọ ọ́, ó kéré sí tiwọn púpọ̀. Irú èyí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá ṣe láìsí ojú dókítà, nítorí ọkàn náà nílò potásíọ́mù, èròjà kan tí à ń rí nínú oúnjẹ, kó tó lè lù dọ́gba. Mo mọ gbogbo èyí, mo sì dákẹ́, bóyá nítorí pé…

Wọ́n pe orúkọ ẹ̀gbọ́n. Ó dìde, ó di ògiri mú, ó dijú títí òòyì fi rọlẹ̀. "Ẹ rọra o, ẹ̀gbọ́n," ni àbúrò wí, "ṣùgbọ́n ẹ óò kọ ọ́ fún mi kí ẹ tó lọ." Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yá mi ní bíírò yín."

Mo yá a.