Jíjìnnà sí Ibo?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ẹ̀ka jọ́gíráfì, àṣìṣe ni mo fi bẹ̀rẹ̀, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ iṣẹ́ lórí àwọn èèyàn Òkun Pàsífíìkì, ohun tí mo fi ṣíde ni pé erékùṣù kéékèèké ni ilẹ̀ wọn, pé wọ́n jìnnà sí gbogbo ayé. Olùkọ́ mi fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ "jìnnà", ó kọ ọ̀rọ̀ kan péré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Síbo?" Inú bí mi. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó gbà pé n kò ní ìdáhùn.

Máàpù ara ògiri kíláàsì wa ló kó bá mi. Áfíríkà àti Yúróòpù ló wà láàárín rẹ̀. Pàsífíìkì, tó gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ojú ayé, ni wọ́n là sí méjì, tí wọ́n tì í sí etí ọ̀tún àti etí òsì. Ẹ wá èyí tó fi òkun náà sáàárín, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kí ẹ tó kọ ohunkóhun.

Epeli Hau'ofa, ọmọ Tonga tó ṣe olùkọ́ ní yunifásítì ní Suva ní Fiji, ló là mí lójú. Àlàyé tó ṣe ní 1993 ni pé òyìnbó ló ń rí erékùṣù tó há sínú òkun. Òkun tó kún fún erékùṣù ni àwọn baba ńlá àwọn ará Pàsífíìkì ń rí. Títì ni omi jẹ́ fún wọn. Ní 1976, Mau Piailug, atukọ̀ láti erékùṣù Satawal ní Pàsífíìkì, tu ọkọ̀ ojú omi Hōkūleʻa láti Hawaii dé Tahiti, nǹkan bí 4,000 kìlómítà, láìlo kọ́ńpáàsì. Ìràwọ̀, ìgbì àti ẹyẹ ló ń wò.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìṣirò, torí ibẹ̀ ni kòtò wà. Ilẹ̀ Kiribati, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan ní Pàsífíìkì, jẹ́ 811 kìlómítà níbùú lóròó; ìkànìyàn 2020 sì rí nǹkan bí 119,000 èèyàn. Ẹ pín in, ẹ ó rí bí èèyàn 147 lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì ní ààyè ṣì wà. Irọ́ ni. Erékùṣù Kiritimati nìkan gba 388 nínú ilẹ̀ yẹn, ó sì ju 3,200 kìlómítà lọ sí Tarawa tí ìjọba wà. Ó lé ní ìdajì gbogbo ará ìlú tó há ara wọn mọ́ Gúúsù Tarawa, ilẹ̀ yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ tí òkun wà lápá kan rẹ̀, tí ọ̀sà wà lápá kejì. Omi kànga wọn kò jìn sí ilẹ̀, ihò ṣáláńgá sì ń dà sí i. Iye tí ẹ rí nínú ìpín kò sọ ìyẹn fún yín.

Ẹ wá ka omi mọ́ ilẹ̀. Òkun tí Kiribati ní àṣẹ lé lórí tó nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ kìlómítà níbùú lóròó, owó tí ọkọ̀ òkèèrè ń san kí wọ́n tó pa ẹja túnà níbẹ̀ ló sì pọ̀ jù nínú owó ìjọba. Kí 1995 tó dé, ìlà tó ń pín ọjọ́ gba àárín orílẹ̀-èdè náà kọjá: bí wọ́n bá ń jí sí ọjọ́ Ajé ní Tarawa, ọjọ́ Ìsinmi ni ní Kiritimati. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni ọ́fíìsì apá méjèèjì jọ ń ṣí lọ́sẹ̀. Wọ́n kàn sún ìlà náà ni.

Melanesia, Micronesia, Polynesia, orúkọ apá mẹ́ta tí wọ́n pín erékùṣù Pàsífíìkì sí ńkọ́? Ará Faransé kan, Dumont d'Urville, ló pín wọn bẹ́ẹ̀ ní 1832, àwọ̀ ara wà lára ohun tó fi pín in. Ẹ lò ó fún orúkọ ibi, kó parí síbẹ̀.

Ohun kan pa mí lẹ́rìn-ín. William Bascom, onímọ̀ àṣà ọmọ Amẹ́ríkà tí àwa mọ̀ nítorí iṣẹ́ Ifá tó ṣe ní Ifẹ̀, dé Pohnpei, erékùṣù kan ní Micronesia, ní 1946. Iṣu ló bá níbẹ̀. Ìkọ̀kọ̀ ni ọkùnrin ti ń gbin èyí tó tóbi, kò sì bójú mu kéèyàn máa wo ti ẹlòmíì lóko. Ibi àsè ni wọ́n ti ń gbé e jáde, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń fi igi gbé ẹyọ kan. Ẹni tó bá mọ bí iṣu ṣe ń gbé oyè fún àgbẹ̀ nílé wa á tètè lóye Pohnpei.

Banaba, erékùṣù kan ní Kiribati, ló ba tábìlì tí mo fi ń to àwọn èèyàn sábẹ́ orílẹ̀-èdè wọn jẹ́. Láti 1900 dé 1979 ni wọ́n fi wa phosphate níbẹ̀, tí wọ́n ń fi ṣe ajílẹ̀ fún oko Ọsirélíà àti New Zealand. Ní 1945 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Rabi ní Fiji; owó phosphate tiwọn náà ni wọ́n fi ra erékùṣù ọ̀hún. Fiji ni wọ́n ń gbé, síbẹ̀ wọ́n ní aṣojú nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Kiribati. Orílẹ̀-èdè wo ni kí n kọ wọ́n sí? Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó yá mo pa tábìlì náà rẹ́, mo fa ìlà kan sórí máàpù láti Banaba dé Rabi, bíi 2,000 kìlómítà, mo sì kọ orúkọ kan náà sí ìdí rẹ̀ méjèèjì.