Ọdún tí mo fi tẹ̀lé àwọn akéwì Wales

Ẹnu Màmá kan ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan ní Cardiff ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́, yàrá tiwọn ni mo sì máa ń kọ́kọ́ wọ̀. Bí ó bá ti di aago méjì òru, Gẹ̀ẹ́sì á ti tán lẹ́nu Màmá, á wá ku Cymraeg, èdè Wales, tí í ṣe èdè abínibí wọn. Lóru ọjọ́ 1 Oṣù Kẹta 2024, ọjọ́ Dewi Mímọ́ tí àwọn ará Wales máa ń fi òdòdó sáyà, mo ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kéwì. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, àmọ́ etí mi mọ̀ pé ewì ni. Kọ́ńsónáǹtì á lọ, á tún padà wá ní ìtòtẹ̀léra kan náà, bí ọmọ ayò tó ń bọ́ sínú ihò. Mo ní, "Màmá, kí lẹ ń sọ?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní cynghanedd ni, òfin ewì àwọn baba ńlá wọn. Oríṣiríṣi ló wà, ṣùgbọ́n nínú èyí tí Màmá ń kì yìí, kọ́ńsónáǹtì tó bá wà ní ìdajì àkọ́kọ́ ìlà gbọ́dọ̀ tún jẹ yọ ní ìdajì kejì, bí wọ́n ṣe tò gẹ́lẹ́. Ọfọ̀ bàbá àgbà mi ló sọ sí mi lọ́kàn, níbi tí orúkọ ewé ti máa ń bí iṣẹ́ tí wọ́n bá bẹ ewé náà.

Màmá ní n kò tíì rí Wales, àfi tí mo bá dé Eisteddfod, àjọ̀dún ewì àti orin wọn.

Mo kọ́kọ́ lọ sí Hay-on-Wye, ìlú ìwé, ná, torí òun ni gbogbo ayé mọ̀. Èrò ìlú náà kò tó 2,000, ṣọ́ọ̀bù ìwé àlòkù sì kún ìgboro bí ṣọ́ọ̀bù aṣọ ṣe kún Gbági. Richard Booth ló bẹ̀rẹ̀ òwò ìwé àlòkù náà níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ní ọjọ́ 1 Oṣù Kẹrin 1977 ó fi ara rẹ̀ jọba Hay. Ọjọ́ tí wọ́n fi máa ń tan ara wọn jẹ ni ọjọ́ yẹn, àmọ́ ọba ni wọ́n ń pè é títí tó fi kú ní 2019. Ìparí Oṣù Karùn-ún ni àjọ̀dún ìwé wọn. Kí n má purọ́, kò wọ̀ mí lára. Àgọ́ funfun ńláńlá, tíkẹ́ẹ̀tì, ìlà gígùn lẹ́yìn òǹkọ̀wé tó ń buwọ́ lu ìwé, Gẹ̀ẹ́sì sì ni wọ́n ń sọ níbi gbogbo.

Àgbàlá ààfin àtijọ́ tó wà láàárín ìlú ló dá mi dúró. Wọ́n to ìwé sórí pẹpẹ ní ìta gbangba, kò sí ẹni tó ń tà á. Àpótí kan ló wà níbẹ̀ tí èèyàn máa sọ owó sí. Èmi nìkan ń rẹ́rìn-ín. Ṣebí bí àwọn ìyá wa ṣe ń pàtẹ sẹ́bàá ọ̀nà oko náà nìyẹn, tí wọ́n á fi òkúta wẹ́wẹ́ sọ iye owó, tí wọ́n á sì bá tiwọn lọ! Mo mú ìwé ìdáná kan tí òróró ti ta sí lójú ewé, mo sọ póùn kan sínú àpótí. Hay kò ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn sì ti kún nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò tilẹ̀ dúró. Owó tí mo ṣírò pé mo jẹ lérè, takisí gbà á.

Oṣù Kẹjọ ni mo wá rí ohun tí Màmá ń sọ. Pontypridd ni wọ́n gbé Eisteddfod sí lọ́dún náà, láti ọjọ́ 3 sí 10, nínú ọgbà Ynysangharad lẹ́bàá odò Taff. Ìlú yìí ni Evan James àti James ọmọ rẹ̀ ti ṣe orin orílẹ̀-èdè Wales ní 1856, ère ìrántí wọn sì wà nínú ọgbà náà. Èdè wọn nìkan ni wọ́n ń sọ lórí ìtàgé. Ẹni tí kò bá gbọ́, wọ́n á fún un ní ohun tí á fi sétí gbọ́ ìtumọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń fi akéwì jókòó lórí Àga, ẹ̀bùn ẹni tó bá borí nínú ìdíje ewì. Orúkọ bòókẹ́lẹ́ ni olúkúlùkù fi ń kọ ewì ránṣẹ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó jáwé olúborí, òun alára sì ti jókòó sáàárín èrò. Adájọ́ kan dìde, ó ń dárúkọ bòókẹ́lẹ́ àwọn tó díje, ó ń sọ ibi tí ewì ẹnì kọ̀ọ̀kan kù sí. Mo ń wojú àwọn tó yí mi ká. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí wọ́n ń tú fó náà wà níbẹ̀, kó máa pàtẹ́wọ́ bíi tiwa. Bí kò bá sì sí ewì tó tẹ́ àwọn adájọ́ lọ́rùn, Àga á ṣófo lọ sílé ni.

Wọ́n pa iná. Fèrè dún. Wọ́n ní kí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ báyìí dìde. Ìmọ́lẹ̀ kan ń wá a kiri lórí wa, kò yára rí i, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì di ọwọ́ mi mú láìmọ̀ mí rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló dìde: Carwyn Eckley, oníròyìn. Ikú bàbá rẹ̀, tó kú nígbà tí òun wà ní kékeré, ló fi kọ ewì. Wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n mú un lọ sókè láàárín àwọn akéwì tó wọ ẹ̀wù funfun, aláwọ̀ búlúù àti aláwọ̀ ewé. Mererid Hopwood ni olórí wọn, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba Àga náà, ní 2001. Wọ́n fa idà ńlá kan díẹ̀ jáde nínú àkọ̀, wọn kì í fà á tán, Mererid sì ké pe gbogbo wa: "A oes heddwch?" Ṣé àlàáfíà wà? A dáhùn: "Heddwch!" Ó di ẹ̀ẹ̀mẹta kí wọ́n tó jẹ́ kó jókòó. Èmi tí mò ń dọ̀bálẹ̀ fún ọba láti kékeré, n kò rí ibi tí wọ́n ti fi irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ fún akéwì rí.

Ìkànìyàn 2021 ní nǹkan bí 538,000 ló ń sọ èdè yìí ní Wales. Àwọn tó ń sọ Yorùbá n'Ìbàdàn nìkan pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì. Síbẹ̀, ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ, náírà márùn-ún ni mò ń san bí Yorùbá bá bọ́ lẹ́nu mi. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màmá, wọ́n ní igi ni wọ́n so kọ́ ìyá ìyá àwọn lọ́rùn nílé ẹ̀kọ́ nítorí ọ̀rọ̀ kan náà.

Mo gba Aberystwyth kọjá nínú Oṣù Kẹwàá, níbi tí ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè wọn jókòó sí lórí òkè, tó ń wo òkun. Bíbélì tí William Morgan túmọ̀ sí èdè wọn, tó jáde ní 1588, wà lọ́wọ́ wọn níbẹ̀, èyí tí wọ́n gbà pé kò jẹ́ kí èdè náà kú. Odindi Bíbélì Yorùbá tiwa, 1884 ló tó jáde. N kò pẹ́ níbẹ̀, torí Yr Ysgwrn ni mò ń lọ.

Ilé àgbẹ̀ ni, ní Trawsfynydd. Ọmọ ilé náà, Ellis Evans, darandaran tí ewì sọ di Hedd Wyn, kú lójú ogun ní ọjọ́ 31 Oṣù Keje 1917. Ní Oṣù Kẹsàn-án, níbi Eisteddfod ọdún yẹn ní Birkenhead, wọ́n pe orúkọ bòókẹ́lẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó dìde. Aṣọ dúdú ni wọ́n fi bo Àga. Eugeen Vanfleteren ló gbẹ́ ẹ, ará Belgium tí ogun lé kúrò nílé. Ó wà nínú ilé náà báyìí, ó ga, gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọnà, ẹni tó ni ín kò sì jókòó sí i rí. Ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò, ọmọ ọmọ ìyá náà, Gerald Williams, sì fi gbogbo ayé rẹ̀ pa àṣẹ náà mọ́.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo fi fọ́tò han Màmá. Wọn kò wo Àga. Wọ́n ní, "Ilẹ̀kùn ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà ní ṣíṣí?"

Mo ní, "Ó wà ní ṣíṣí, Màmá, àmọ́ wọ́n gbowó kí n tó wọlé."

"Wọ́n gbowó!" Inú bí Màmá títí ilẹ̀ fi mọ́.