Kí Wọ́n Tó Tú Ráàkì Ọkọ̀ Yín, Ẹ Fọwọ́ Kan Ṣáàfùtù Sitíárìn Ná

Bí ọkọ̀ yín bá ń dún "kọ̀, kọ̀" lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ tí ẹ bá ń yí sitíárìn, tó sì ń dún bẹ́ẹ̀ kódà nígbà tó dúró sójú kan, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ráàkì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí táyà iwájú. Camry Big Daddy 2004 tí mo ń wà n'Ìbàdàn ló kọ́ mi. Gbogbo mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ló ní ráàkì ni. Owó ráàkì kì í sì í ṣe owó ẹ̀kọ.

Ṣáàfùtù ni irin tó so òpó sitíárìn inú ọkọ̀ mọ́ ráàkì nísàlẹ̀. Jọ́íńtì wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀ kó lè máa tẹ̀, bẹ́ríǹnì tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ ló sì wà nínú wọn. Tí gíríìsì ibẹ̀ bá gbẹ, tí omi wọlé, wọ́n á dógùn-ún, kòtò ojú títì á sì parí èyí tó kù.

Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo yí kọ́kọ́rọ́ kí sitíárìn má baà há, mo ní kí àbúrò mi jókòó kó máa mì ín díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Mo ki orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, mo fi ọwọ́ kan di òkè jọ́íńtì mú, mo fi èkejì di ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òkè á ti yí kí ìsàlẹ̀ tó dáhùn. Mo ń gbọ́ "kọ̀" yẹn nínú àtẹ́lẹwọ́ mi, eruku pupa sì dà yí ìdí jọ́íńtì ká: bẹ́ríǹnì tó ti lọ̀ kúnná nìyẹn. (Tó bá jẹ́ inú kòtò nìkan ni tiyín ti ń dún, ẹ jáàkì ọkọ̀ sókè, ẹ kọ́kọ́ wo bọ́ọ̀lù jọ́íńtì tó wà nídìí táyà.)

Àwọn kan á ní ká fún gíríìsì sí i. Ariwo á dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ti jẹ ti jẹ. Ti wẹ́dà ló burú jù. Jọ́íńtì tí wọ́n bá jó pọ̀ kò lè tẹ̀ mọ́, iná á sì ti ba agbára irin náà jẹ́. Sitíárìn ni o, kì í ṣe ilẹ̀kùn onírin!

Tí ẹ bá fẹ́ ra ṣáàfùtù tòkunbọ̀ ní Gate n'Ìbàdàn, ẹ tẹ jọ́íńtì méjèèjì síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ẹ tó sanwó. Èyí tó bá ń há níbì kan, ẹ dá a padà. Ẹ gbé e ti ògbólógbòó yín, kí gígùn wọn bára mu, torí wọ́n lè ti tú u lára ọkọ̀ tó forí sọ nǹkan. A máa ń ṣe sitíárìn kó lè wọ inú ara rẹ̀ lásìkò ìjàǹbá, kó má baà gún awakọ̀ láyà.

Ní ti títú u, ẹ jẹ́ kí táyà iwájú kọjú síwájú gan-an. Ẹ yọ orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù, kí ẹ dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá 90 nítorí airbag. Lẹ́yìn náà, ẹ fi okùn de sitíárìn mọ́ àga pinpin. Èyí ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í ṣe. Wáyà pẹlẹbẹ kan wà ní kíká lábẹ́ sitíárìn. Tí sitíárìn bá ń yí fàlàlà nígbà tí ṣáàfùtù ti kúrò, wáyà yẹn á já, iná airbag á tàn, họ́ọ̀nù lè má dún mọ́.

Kútẹ́ẹ̀sì ìyàwó mi ni mo fi sàmì sí ibi tí eyín ṣáàfùtù ti pàdé ti òpó sitíárìn lókè àti ti ráàkì nísàlẹ̀. Sípánà 12 ló tú bọ́ọ̀tì méjèèjì. Nígbà tí ẹ bá ń dá tuntun padà, ọwọ́ lásán ló yẹ kó ti bọ́ọ̀tì wọlé, torí ó gbọ́dọ̀ gba inú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sára irin náà kọjá. Tó bá kọ̀, ṣáàfùtù kò tíì jókòó nìyẹn. Ẹ má fi òòlù lù ú. Bọ́ọ̀tì tí kò bá gba ibẹ̀ lè jẹ́ kí ṣáàfùtù yọ lójú eré.

Tí sitíárìn bá wọ́ lẹ́yìn iṣẹ́, eyín kan ló fò. Ẹ má gbé e lọ fún alálàíńmẹ́ǹtì kó fi táì rọ́ọ̀dù (irin tó so ráàkì mọ́ táyà) tún un ṣe; ẹ tú u, kí ẹ tún un tò.