Àwọn Tó Jí Lóru Nítorí Mi

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yin Olúwa!

Káfíńtà ni mí. Orí òrùlé ni mo wà lọ́jọ́ náà tí igi yẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ẹ̀yìn ni mo fi balẹ̀. Mi ò mọ ẹsẹ̀ mi mọ́. Àwọn ọmọọṣẹ́ mi ti fẹ́ gbé mi tapá-tẹsẹ̀ sórí ọ̀kadà kí nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò tó figbe ta: "Ẹ má gbé e bẹ́ẹ̀!" Ilẹ̀kùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn tán ni wọ́n tẹ́ mi sí, nọ́ọ̀sì náà sì di orí mi mú títí a fi dé ọsibítù.

Eegun ẹ̀yìn mi ti ṣẹ́ láàárín èjìká méjèèjì, ó sì ti pa okùn inú rẹ̀, èyí tó so ọpọlọ mọ́ ara, lára.

Wákàtí méjì-méjì ni àwọn nọ́ọ̀sì ń yí mi, tọ̀sán tòru. Wọ́n á pé mẹ́rin. Ẹni tó di orí mi mú ló ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, wọ́n á sì jọ yí mi lẹ́ẹ̀kan náà bí ìtì igi, kí ẹ̀yìn má baà lọ́. Inú máa ń bí mi tí wọ́n bá tanná ní aago 2 òru. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bọ̀ọ̀dá, ara yín ò lè sọ fún yín mọ́ pé ibì kan ń ro yín. Àwa la ó máa bá a sọ ọ́." Wọ́n á wo ìdí mi, wọ́n á wo gìgísẹ̀. Egbò kan ṣoṣo ò yọ lára mi! Ẹni tó bá ti rí egbò ìdùbúlẹ̀ tó jẹ wọ eegun rí yóò mọ ohun tó ń pa mí lẹ́kún.

Ní oṣù kejì, orí ṣàdédé ń fọ́ mi lóru bíi kó là, òógùn bo ojú mi. Mo rò pé ó ti parí. Nọ́ọ̀sì àgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò tilẹ̀ wá oògùn orífífọ́. Ó gbé mi jókòó, ó tú aṣọ mi, ó tọ ipa rọ́bà ìtọ̀ mi: ó ti ká sábẹ́ itan. Bó ṣe nà án, ìtọ̀ ya, orí mi rọlẹ̀. Ó ní àpò ìtọ̀ tó kún lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fara pa lókè ẹ̀yìn ru débi ikú, olúwarẹ̀ ò sì ní mọ̀ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun.

Ẹsẹ̀ mi kò tíì rìn. Lórí àga onítáyà ni mo ti ń jẹ́rìí yìí, mo ṣì ń bẹ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n mo wà láàyè, mo sì ti ń di òòlù mú. Ìyàwó mi kọ́ ìtọ́jú náà lọ́wọ́ wọn, òun ló ń yẹ gìgísẹ̀ mi wò láràárọ̀.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù wa, ẹ̀yin tí ẹ jí lóru nítorí mi, Ọlọ́run yóò jí nítorí tiyín.